Ọjọ́ Tí Wọ́n Gba Orúkọ Abiyamọ Lọ́wọ́ Àwẹ̀ró

Ní ìlú Ìpetè láyé ọjọ́un, kì í ṣe gbogbo obìnrin tó bímọ ni wọ́n ń pè ní abiyamọ. Lónìí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti fẹ́yàwó, abiyamọ là ń pè é. Ẹni tí kò bí ju ẹyọ kan lọ, abiyamọ ni. Adìẹ tó kó ọmọ sẹ́yìn, tó ń tan ilẹ̀ kiri lẹ́yìnkùlé, òun náà abiyamọ. Nígbà náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọmú, kó sì wà lẹ́yìn, kí ìyá rẹ̀ tó lè jẹ́ orúkọ yẹn.

Bí oyè ni wọ́n ṣe mú un. Ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ máa pọn ọmọ rẹ̀ jáde, ìyálé ilé ni yóò fi ọ̀já tuntun gbá ọmọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn, tí yóò sì kí i pé, "Abiyamọ, o kú ewu." Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó máa rán an nígi. Bó bá dé odò, àwọn tó ti ń dúró yóò yà fún un kó pọn omi tirẹ̀. Bí ẹran bá kù nínú ìkòkò, tirẹ̀ ni. Àwọn ìyàwó tí kò tíì bímọ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín ara wọn pé, ẹ wò ó bó ṣe ń rìn, ọba obìnrin, ẹni tí ń jẹ ẹran tí àwa ń họ egungun.

Ṣùgbọ́n oyè tí ọmú bá fi ni jẹ, ọmú náà ló ń gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyálé kan náà ni yóò tú ọ̀já lára ìyá rẹ̀. Wọn yóò gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ títí yóò fi gbàgbé. Ẹ̀yìn ni ìyá àgbà náà yóò máa pọ̀n ọ́n sí, kó má baà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìyá lọ. Èèwọ̀ sì ni fún ìyá ọmọ láti dé ibẹ̀. Bó ti wù kí ọmọ ké tó, kò gbọdọ̀ dáhùn. Obìnrin tó bá rú èèwọ̀ yìí, àwọn obìnrin agbo ilé kò ní bá a jẹ, wọn kò ní bá a mu, wọn kò ní kí i lódò, àfi ìgbà tó bá tó bí òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti já ọmọ lẹ́nu ọmú rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ṣòro láti jókòó sójú kan kí ọmọ máa ké.

Obìnrin kan wà ní agbo ilé Olúọ̀nà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúndìran. Méjì ló ti bí ṣáájú, ilẹ̀ sì ti gba méjèèjì. Nígbà tó bí ẹ̀kẹta, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Àwẹ̀ró kì í fi ojú kúrò lára ọmọ yìí. Bí ọmọ náà bá sùn jù, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, yóò lọ gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀ bóyá ó ń mí. Bí kò bá sùn, ọkàn rẹ̀ kò tún balẹ̀. Bó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò jí gbogbo ilé. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wọn.

Nígbà tí Dúrósinmí ti ń rìn dáadáa, tó ti ń jẹ ẹ̀kọ, Ọyábùnmi tí í ṣe ìyálé ilé gbé igbá omi ewúro wá sẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn obìnrin ilé tẹ̀ lé e.

"Ìyá Dúrósinmí, òní lọjọ́," Ọyábùnmi wí.

Àwẹ̀ró wo igbá náà. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi oṣù kan kún un. Eyín rẹ̀ kò tíì pé."

"Ọmọ tó gé ọ jẹ lórí ọmú níjẹta, tí gbogbo wa gbọ́ igbe rẹ dé ìdí odó, òun lo ní kò léyín. Sọ òótọ́, àbí igi ni o kò fẹ́ lọ ṣẹ́?"

Ojúọlápé, ìyàwó tó kéré jù nínú ilé, ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ jẹ́ kó máa mu ún lọ, Ìyálé. Bó bá hu irùngbọ̀n tán, á máa ti oko wá mu ún lọ́sàn-án."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó jókòó, wọ́n fi omi ewúro pa orí ọmú rẹ̀. Dúrósinmí sáré wá, ó gbé ẹnu sí i, ó tu ú dànù. Ó tún tọ́ ọ wò, ó tún tu ú dànù. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ìyá rẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà.

Ọyábùnmi tú ọ̀já lára Àwẹ̀ró. "Abiyamọ, o kú iṣẹ́. Orúkọ tí a fún ọ, a ti gbà á padà lónìí. Ìyàwó ilé ni ọ́ bíi tiwa. Àáké ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ẹfúnwùnmí, ìyá Ògúndìran, ti dúró sítòsí. Òun ló gba ọmọ, tó pọ̀n ọ́n, tó sì so ọ̀já mọ́ ọn le dáadáa. Arúgbó tí ara rẹ̀ ṣì ta kébékébé ni, kò sì sí ọmọ kan ní agbo ilé náà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbé rí. Bó ti fẹ́ máa lọ, Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e díẹ̀.

"Ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù tí ilẹ̀ bá ṣú."

"Màá fi aṣọ bò ó."

"Tó bá húkọ́, ìyá, ẹ má jẹ́ kó sun ẹ̀gbẹ́ òsì o."

"Mo gbọ́."

"Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀kọ náà gbóná..."

Ẹfúnwùnmí yíjú padà. "Àwẹ̀ró, ajá ni mo tọ́ tó fi di Ògúndìran tó fẹ́ ọ ni?"

Ìyá ọkọ rẹ̀ kọjá sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn agbo ilé, níbi tí ilé tirẹ̀ dá wà. Orí ọmọ náà ni wọ́n rí kẹ́yìn láàárín ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọ ojú sẹ́yìn, ó ń wá ìyá rẹ̀.

Àwọn obìnrin Ìpetè gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà tí ẹyìn bá pọ́n ni wọ́n máa ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ lọ, gbogbo obìnrin ilé yóò yí odó ká pẹ̀lú ìyá rẹ̀, wọn yóò máa gún ẹyìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn yóò sì máa kọrin, kí ariwo odó lè bo ẹkún ọmọ mọ́lẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń ṣàánú ìyá ọmọ. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ohun mìíràn lè wà nínú ẹkún náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì, Ògúndìran ti lọ sóko, oòrùn ti dé àárín orí, wọ́n ń gún ẹyìn lọ. Ọyábùnmi ló ń dá orin, tí àwọn yòókù ń gbè é.

"Ta ní ń ké lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Ọmọ ni."

"Kí ló ní a wá fún òun?"

"Ọmú ni."

"Ẹ gún un, ẹ gún un, yóò dákẹ́."

Ọmọ ń ké lóòótọ́. Àwẹ̀ró ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà díẹ̀, ó sì ti di ẹnu, ó ń gún ẹyìn. Ojúọlápé tó dojú kọ ọ́ ní, "Ìyá Dúrósinmí, rọra o. Ẹyìn la ní kí o gún, a kò ní kí o fọ́ odó."

Ẹkún náà ń bọ̀, ó ń lọ, bí ẹkún ọmọ tó fẹ́ mu ọmú ti máa ń ṣe. Ọmọ tó ń ké fún ọmú kì í ké láìsinmi. Yóò ké, yóò sì dákẹ́ díẹ̀, kó gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ ẹnìkan ń bọ̀. Bí kò bá gbọ́ ẹsẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró mọ èyí bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá dákẹ́, yóò máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, má bínú, ọkọ mi, mi ò lè wá.

Lójijì ni ẹkún náà yí padà. Kò lọ sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kódà, ó rẹlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ mọ́ láti gbọ́ bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

Àwẹ̀ró dá ọwọ́ dúró. Ọmọ odó wà lókè ní ọwọ́ rẹ̀, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Gún un," Ọyábùnmi wí.

"Ẹ fetí sí i."

"Ọmú ni."

"Kì í ṣe ọmú, Ìyálé."

"Gbogbo wa la ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà sọ ọ́ lórí àkọ́bí mi. Àkọ́bí mi ló wà lóko yẹn lónìí, tó ga jù ọ́ lọ. Gún ẹyìn rẹ."

Ọyábùnmi tún gbé orin, àwọn yòókù sì gbè é sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n fi ràn án lọ́wọ́. Àwẹ̀ró ju ọmọ odó sílẹ̀. Ojúọlápé dì í lápá, obìnrin mìíràn gbá etí ìró rẹ̀ mú. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́. Ó tú ìró náà sílẹ̀ fún wọn. Ó sáré jáde ní tòbí nìkan lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo agbo ilé, ó wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọyábùnmi lé e. Ó ń bínú, ó sì ń bẹ̀rù fún un pẹ̀lú. "Àwẹ̀ró, padà. Àwẹ̀ró, o kò ní rí ẹni bá ọ jẹun nílé yìí." Àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé e láti wá fà á padà. Ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ Ọyábùnmi, epo ń kán lára rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun gbé e dání.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé Ẹfúnwùnmí, òórùn aṣọ tó ń jó ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹfúnwùnmí wà nílẹ̀ lẹ́bàá ààrò. Ó dojú bolẹ̀. Ìkòkò ẹ̀kọ tó ń sè fún ọmọ ti dànù sínú iná, ṣùgbọ́n kò pa iná tán. Dúrósinmí wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀já gbá a mọ́ ọn pinpin bó ṣe so ó ní àárọ̀. Ó ń fi ọwọ́ kékeré méjèèjì ti ẹ̀yìn arúgbó náà, ó fẹ́ dìde, ọ̀já kò jẹ́ kó dìde. Etí ọ̀já kan ti bọ́ sínú ẹyín iná. Kò gbiná, ó ń jó lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ọwọ́ iná, ó ń rú èéfín, ó sì ti dé ibi ẹsẹ̀ ọmọ.

Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ inú èéfín náà. Kò dúró tú ọ̀já, ó fi eyín àti ọwọ́ fà á ya níbi tí iná ti jẹ ẹ́. Ó yọ ọmọ náà bí ẹni yọ iṣu lábẹ́ ebè, ó gbá a mọ́ àyà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti lé ròrò. Ọmọ náà gbé ẹnu sí ọmú tí wọ́n ti fi ewúro pa, kò sì tu ú dànù.

Ojúọlápé kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ejìká Ẹfúnwùnmí. "Ìyá," ó pè é. "Ìyá, ẹ dìde." Ó gbọ́wọ́ kúrò kíá. Ara arúgbó náà ti tutù.

Ara tó tutù yẹn ti sọ fún wọn pé ikú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọ yẹn ti wà lẹ́yìn òkú láti ìgbà tí wọ́n ti ń gún ẹyìn, tí wọ́n ń kọrin fún un pé yóò dákẹ́. Ọyábùnmi wo ọmọ odó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra fi í sílẹ̀ lórí koríko, ó ń ṣe bí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má dún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Baálé agbo ilé pe gbogbo wọn jọ sí gbàgede. Baálé yìí ni àbúrò olóògbé ọkọ Ẹfúnwùnmí. Ògúndìran ti dé láti oko, ó jókòó sílẹ̀, ó di orí mú. Àwẹ̀ró jókòó lọ́tọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí àwọn sún mọ́ ọn tàbí kí àwọn má sún mọ́ ọn.

Àgbà kan tó fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Baálé, ọ̀rọ̀ ń dunni, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni èèwọ̀ ń jẹ́. Ìyàwó yìí gbọ́ ẹkún ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú, ó sì dáhùn. Bí a bá fojú fo ti òní, kí la fẹ́ sọ lọ́la?"

Ògúndìran gbé orí sókè, Baálé sì ṣẹ́jú sí i kó dákẹ́. Ọyábùnmi ló dìde.

"Bàbá, gbogbo wa la gbọ́ ẹkún yẹn. Kò sí adití nínú wa. Èmi ni mo ń dá orin. Iná ń jó ọmọ, mò ń dá orin." Ó tún jókòó.

Baálé ní, "Ká kọ́kọ́ ro ti ẹni tó kú. Kí la fẹ́ ní kí akéde wí?"

Ìbéèrè yìí tóbi ní Ìpetè. Bí arúgbó bá kú, wọn yóò kéde pé ìyá àgbà kan ti lọ sinmi, oníkálukú yóò sì lọ sóko rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí abiyamọ bá kú tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìlú ni kò ní lọ sóko. Ọ̀fọ̀ ńlá ni.

"Ìyá àgbà ni," àgbà olófin náà wí. "Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu ọmú rẹ̀. Ọmú rẹ̀ ti gbẹ kí n tó fẹ́ ìyàwó mi kékeré."

Baálé yíjú sí àwọn obìnrin. "Báwo gan-an lẹ ṣe bá a nílẹ̀?"

Ojúọlápé ló dáhùn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rọra ń sọ ọ́. "Ó dojú bolẹ̀, Bàbá. Iwájú orí rẹ̀ ti fọ́ lára òkúta ààrò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, wọ́n wà lábẹ́ ìdí ọmọ. Èmi ni mo yọ wọ́n kí a tó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó di ọwọ́ náà pọ̀ gan-an, ó pẹ́ kí n tó rí i yọ."

Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n là á yé òun. Ẹni tó bá ń ṣubú, ọwọ́ ló fi ń gba ara rẹ̀. Ikú dé bá Ẹfúnwùnmí lójijì, ó rí ilẹ̀ tó ń bọ̀, ó rí òkúta, ó sì fi ojú gbà á, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kúrò lára ọmọ.

Àgbà olófin náà wo ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Baálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde pé abiyamọ ló kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ṣe é," Baálé wí. Ó wá kọjú sí Ọyábùnmi. "Èyí tó sáré lọ yìí ńkọ́? Ta ló gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ lo so ọ̀já, o lè tú ọ̀já. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ ẹkún yẹn nínú rẹ̀, ìwọ kọ́ lo fi síbẹ̀. O kò lè gbà á."

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó lọ sóko ní Ìpetè. Láti ìgbà náà, wọn kò gba orúkọ náà lọ́wọ́ obìnrin kankan mọ́. Ẹni tí ọmú rẹ̀ gbẹ ń jẹ́ ẹ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ hu ewú ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tó sì gbé e dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, òun náà ń jẹ́ ẹ. Wọ́n ṣì ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n sì ṣì ń gún ẹyìn, nítorí iṣẹ́ kò lè dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹkún ọmọ bá ti dún láti ibikíbi, gbogbo wọn á dá ọmọ odó dúró lókè, wọn á wo ojú ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i tí etí rẹ̀ ta, wọn kò ní bi í ní nǹkan kan. Wọn á yà lọ́nà fún un. Ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa títí dòní nìyẹn, pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were.